Oríkèé àti Sìlíńdà Katakata Awalẹ̀

Ó lè ya ẹlòmíràn nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni jókòó láti kọ̀wé nípa gírísì àti irin. Ní ìsinmi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Agége ni mo wà. Títún ẹ̀rọ ńlá ṣe ni iṣẹ́ wọn, ibi iṣẹ́ wọn kò sì jìnnà sí ojú irin rélùwéè. Mo di ìwé mi lọ pẹ̀lú èrò pé n óò máa kà á lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà níbẹ̀; ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ kan dé tí ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.

Katakata ni, irú èyí tí ó ní ọkọ́ gbígbòòrò níwájú, tí ó sì ní apá gígùn lẹ́yìn tí ó fi ń walẹ̀. Ní Èkó, JCB ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe é. Orúkọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Joseph Cyril Bamford, ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì mú irú ẹ̀rọ oníṣẹ́ méjì yìí tirẹ̀ jáde ní 1953. Ọkùnrin tí ó wa èyí tí mo ń sọ yìí dé kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí rojọ́: “Ọ̀gá, ẹ gbà mí. Láàrin oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ti pààrọ̀ síìlì sìlíńdà yìí níbòmíràn, ọ́ìlì kò sì yéé ṣàn. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ní èmi ni mo ń jí ọ́ìlì òun tà. Bí ó bá tún jò lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.”

Bàbá mi kékeré kò wo sìlíńdà náà rárá. Wọ́n ní kí ó gbé agbọ̀n ẹ̀rọ kalẹ̀, kí ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n mú ọ̀pá irin gígùn kan, wọ́n tì í bọ abẹ́ oríkèé ìgbọ̀nwọ́ apá náà, wọ́n sì fi gbé e díẹ̀. Oríkèé náà mì, ó dún kọ̀ọ̀. Wọ́n yíjú sí awakọ̀: “Ìgbà wo lẹ ta gírísì síbí kẹ́yìn?” Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Bàbá mi kékeré ní, “Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá ń pa làpálàpá.” Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin láti mọ̀, òun náà ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Irú ẹ̀rọ báyìí pọ̀ ní àgbègbè náà. Oko kòkó àti oko obì ni a fi mọ Agége nígbà kan rí; ojú irin tí ó ti Èkó gba ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn ni wọ́n ṣí ní 1901. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì ti sinmi: lónìí wọn a wa ìpìlẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí, lọ́la ojú ọ̀nà páìpù omi, lọ́tùn-únla gọ́tà. Ilẹ̀ pupa tí yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ni. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, inú ẹrẹ̀ ni apá ẹ̀rọ ń gbé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Yanrìn tí omi bá gbé wọ inú oríkèé a di òkúta ìpọ́nbẹ: bí apá ti ń lọ tí ó ń bọ̀, irin ni ó ń lọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo oríkèé náà fínnífínní. Apá ẹ̀rọ yìí ní èjìká, ó ní ìgbọ̀nwọ́, ó sì ní ọrùn-ọwọ́ níbi tí agbọ̀n eléyín so mọ́. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá irin líle kan tí wọ́n ń pè ní pínnì ni ó gba inú ihò kọjá láti so irin méjì pọ̀. Inú ihò náà ni wọ́n tẹ òrùka irin kan sí, èyí tí í ṣe búùṣì. A ṣe búùṣì kí ó lè jẹ kí àwọn yòókù má baà jẹ. Owó rẹ̀ kò pọ̀, bí a bá sì tètè pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, pínnì a tẹ̀lé e. Bí a kò bá tún bìkítà, búùṣì a bẹ̀rẹ̀ sí yí nínú ilé rẹ̀, ihò tí ó wà lára apá gan-an a sì di gbọọrọ bí ẹyin. Ibẹ̀ ni ìnáwó ńlá wà.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé nítorí kí irin má baà han létí ni a ṣe ń fi gírísì sí i. Ó ya irin kúrò lára irin ní òtítọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kejì kò kéré sí èyí: ó gba àyè tí yanrìn ìbá gbà. Nígbà tí a bá ta tuntun wọlé, a máa lé ti àtijọ́ jáde pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí tí ó gbé mọ́ra. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró títí a ó fi rí i tí èyí tí ó mọ́ yọ ní ẹnu oríkèé yíká. Díẹ̀ tí ó bá kù sí ẹnu ibẹ̀, kí a má nù ún, aṣọ́nà ni. Ẹnu nípù ni kí a nù kí a tó ki gírísì gọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a fi ọwọ́ ara wa ti yanrìn wọlé. Ohun mìíràn tí n kò lè rò láé ni pé, bí ẹrù bá wà lórí oríkèé, pínnì a fara ti ẹ̀gbẹ́ kan ihò, gírísì kò sì ní dé ẹ̀gbẹ́ náà, èyí tí ó tún jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ń jìyà. A gbọ́dọ̀ gbé agbọ̀n kalẹ̀ kí ẹrù kúrò, kí a ta á, kí a yí ìdúró apá padà, kí a sì tún ta á. Ojoojúmọ́ ni, tàbí lẹ́yìn wákàtí 10 iṣẹ́. Bí inú omi ni ẹ̀rọ ti ń walẹ̀, kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Awakọ̀ náà búra pé òun a máa ta gírísì nígbà mìíràn. Kò purọ́. Nígbà tí a tú nípù rẹ̀, gírísì àtijọ́ ti gan sínú ọ̀nà rẹ̀ bí amọ̀ tí oòrùn pa. Gbogbo èyí tí ó ń ta, ẹ̀gbẹ́ nípù ni ó ń gbà jáde sí ìta.

Títú oríkèé náà gba sùúrù. Wọ́n to pákó sábẹ́ apá kí ó má ṣe wó, wọ́n sì so sìlíńdà rọ̀ kí ó má baà já lu ẹsẹ̀ ènìyàn nígbà tí pínnì bá jáde. Wọn kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fi òòlù lu pínnì ní tààrà, nítorí irin líle a máa fọ́, èérún rẹ̀ a sì máa fò wọ ojú. Irin tí ó rọ̀ ni wọ́n fi sí àárín. Ihò náà ti jẹ. Wẹ́dà fi iná rẹ́ inú rẹ̀ kún, lẹ́yìn náà ni tọ́nà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó fi ọ̀pá kan ṣoṣo gba inú ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbẹ́ wọn kí wọn lè wà lórí ìlà kan. Bí a bá gbẹ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pínnì kò ní wọ̀ ní títọ́. Búùṣì tuntun sun inú fíríísà mọ́jú kí ó lè súnkì díẹ̀, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Kí wọn tó tì í dé òpin, bàbá mi kékeré ní kí n wo ihò kékeré tí ó wà lára rẹ̀ bóyá ó ṣe déédéé pẹ̀lú ihò nípù. Bí ó bá yẹ̀, gbogbo gírísì ayé kò ní dé ọ̀dọ̀ pínnì.

Ìgbà náà ni wọ́n tó yíjú sí sìlíńdà, èyí tí í ṣe iṣan ẹ̀rọ náà. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó kú ní 1662, ni ó fi hàn pé ipá tí a bá fi tẹ ohun olómi tí a sé mọ́ a máa tàn ká inú rẹ̀ láìdínkù. Ní 1795 Joseph Bramah, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìmọ̀ náà ṣe ẹ̀rọ ìtẹ-nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ó kọ́ ọmọ kékeré lè fi bẹ́ẹ̀rẹ́ méjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu hàn wọ́n, ti 5 ml àti ti 20 ml. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀, ẹ fi omi ẹlú kún wọn. Kí ọmọ tí ó kéré jù ní kíláàsì ti èyí kékeré, kí èyí tí ó síngbọnlẹ̀ jù di èyí ńlá mú. Èyí kékeré ni yóò borí, ṣùgbọ́n yóò ti tirẹ̀ jìnnà kí ti ẹnìkejì tó sún díẹ̀. Bí ategùn bá wà nínú rọ́bà, ọwọ́ wọn yóò mọ̀ ọ́n lára: a máa rọ̀ bí kànrìnkàn. Nínú ẹ̀rọ awalẹ̀, ipá náà lè tó 3,000 pọ́n-ùn lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Bí inú sìlíńdà bá fẹ̀ ní ínṣì 4, ó ti lé ní 37,000 pọ́n-ùn nìyẹn, bíi tọ́ọ̀nù 17.

Síìlì ni ó ń dá gbogbo ipá yìí dúró: ọ̀kan wà lára písítìnì nínú lọ́hùn-ún, òmíràn wà ní ẹnu ibi tí ọ̀pá dídán ti ń jáde. Bí ti inú bá bàjẹ́, ojú kò rí i, ṣùgbọ́n apá tí a gbé sókè a máa rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ti ẹnu bá bàjẹ́, ọ́ìlì a yọ sí ìta. Nígbà tí bàbá mi kékeré yọ ti ẹnu jáde, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣì nípọn bíi tuntun. Ẹ̀gbẹ́ kejì ti jẹ tán, gẹ́gẹ́ bí gìgísẹ̀ bàtà ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ kan rìn wọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá yé mi. Nítorí oríkèé ti gbò, ọ̀pá sìlíńdà kò lọ ní títọ́ mọ́. Ó ń já, ó ń fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń jẹ síìlì ní ẹ̀gbẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n ń gbé fún un.

Wọ́n fi èékánná wọ́ ara ọ̀pá dídán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tí èékánná bá há sí, ibẹ̀ ni yóò ti gé síìlì tuntun. Egbò kan ṣoṣo ni a bá, kò jinlẹ̀, òkúta kíkúnná sì dán an. Síìlì tuntun wẹ̀ nínú ọ́ìlì kí ó tó wọlé, ètè rẹ̀ kọjú sí ibi tí ipá ti ń bọ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí a tan ẹ́ńjìnnì láti dán an wò. Ọ́ìlì ń fín láti ara họ́ọ̀sì àtijọ́ kan bí ìrì, awakọ̀ sì na àtẹ́lẹwọ́ láti fi wá ihò náà. Bàbá mi kékeré gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. N kò tíì rí ìbínú wọn rí bí ti ọjọ́ náà. Táyà ọkọ̀ kékeré kò ju nǹkan bí 30 pọ́n-ùn lọ. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọ́ìlì tí ó gba ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ náà yóò dàbí ibi tí ẹ̀gún gún, ó tilẹ̀ lè má dunni púpọ̀. Láàrin wákàtí díẹ̀ ọwọ́ a wú, ẹran ara a bẹ̀rẹ̀ sí kú, àwọn mìíràn sì ti pàdánù ìka tàbí ọwọ́ nítorí pé wọ́n dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ lójú ẹsẹ̀, kí a sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì alágbára ni ó wọlé. Páálí tàbí pákó ni a fi ń wá ihò, kì í ṣe ọwọ́. Kí a tó tú họ́ọ̀sì èyíkéyìí, a ó gbé apá kalẹ̀, a ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó sì ti àwọn ọ̀pá ìdarí síwá sẹ́yìn kí ipá tí ó kù nínú rẹ̀ lè jáde.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ dé, ó ti múra ìjà. Bàbá mi kékeré kò bá a sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n to búùṣì tí ó ti jẹ, nípù tí ó ti dí, àti síìlì tí ó jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan sórí àga níwájú rẹ̀. Ó gbé síìlì náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó wo awakọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, “Èló ni agolo gírísì kan?”