Rìn Lójú Ọ̀nà Omi, Má Sùn Síbẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ṣùgbọ́n Houston ni mo ń gbé báyìí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ, a sì fẹ́ lọ fi ẹsẹ̀ rìn ní ìpínlẹ̀ Utah, nínú àwọn àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Maze. Máàpù ibẹ̀ ti wà lórí fóònù mi. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ aṣálẹ̀ tí òjò kì í rọ̀, a kò ní da ara wa láàmú pẹ̀lú àgọ́; orí yanrìn títẹ́jú tó wà ní ìsàlẹ̀ àfonífojì la máa sùn, níbi tó tutù. Irú bàtà wo ni ẹ rò pé kí n rà? Ṣé òótọ́ sì ni pé a nílò okùn?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, abéèrè kì í ṣìnà, inú mi sì dùn púpọ̀ pé o kọ̀wé kí o tó di ẹrù rẹ. Bàtà ni o béèrè, a ó sì dé orí bàtà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ dé ibi tí o ti wí pé orí yanrìn ìsàlẹ̀ àfonífojì ni ẹ ó tẹ́ ẹní yín sí, nítorí pé òjò kì í rọ̀ ní aṣálẹ̀, ara mi bù máṣọ, nítorí pé inú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni ohun tí ó lè pa ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, kò sì sí bàtà olówó iyebíye kan tí ó lè gba ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ta ni ó tẹ́ yanrìn náà pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀ dè yín? Omi ni. Gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Maze yìí, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ibi tí odò Green ti da pọ̀ mọ́ odò Colorado, nínú ọgbà ìpamọ́ Canyonlands tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, àpáta yanrìn onílà pupa àti funfun ni, tí omi ti fi ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún gbẹ́ títí tí ó fi di àfonífojì tí ó ya sínú àfonífojì, tí ẹ̀ka rẹ̀ tún ya ẹ̀ka, tí ojú gbogbo wọn sì jọra débi pé ẹni tí kò bá mọ máàpù tí ń fi gíga àti jíjìn ilẹ̀ hàn kà lè dúró ní ìkòríta kí ó má mọ èyí tí ó bá wá mọ́. Ojú ọ̀nà omi ni gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Omi ló là á, omi ló ni ín, bí omi kò bá sì sí nílé ní ọjọ́ tí ẹ dé, ẹ má ṣe rò pé ó ti kó lọ.

O ní òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀, ọmọ mi. Kò kàn pọ̀ ni: nǹkan bí ìnṣì 9 ni gbogbo èyí tí ń rọ̀ ní Canyonlands láti ọdún dé ọdún, Ìbàdàn tí a ti bí ọ sì lè rí iye bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan péré nígbà tí òjò bá mú gírí. Ṣùgbọ́n ohun tí òjò ń rọ̀ lé lórí ló yẹ kí o wò kí o tó wo bí òjò ti pọ̀ tó. Ní ilẹ̀ wa, ewé a máa dá òjò dúró, gbòǹgbò a fà á, ilẹ̀ a sì mu èyí tí ó kù. Àpáta ìhòòhò kì í mu ohunkóhun, bí omi ti ń yí kúrò lórí òrùlé páànù gẹ́lẹ́ ni ó ṣe ń yí kúrò lórí àpáta Utah, tí gbogbo rẹ̀ á sì doríkọ àfonífojì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti oṣù Keje títí di àárín oṣù Kẹsàn-án ni atẹ́gùn olómi máa ń fẹ́ wá láti ìhà gúúsù, tí ojú ọ̀run tí ó mọ́ kedere láàárọ̀ á ṣú lẹ́yìn ọ̀sán, tí òjò àrá á sì bẹ́ sílẹ̀ kíkankíkan ní ojú kan, nígbà tí ibi tí kò jìnnà síbẹ̀ wà ní gbígbẹ táútáú. Oṣù Kẹjọ tí ẹ mú bọ́ sí àárín gbùngbùn àkókò náà.

Àwọn àgbà wí pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ní ilẹ̀ àfonífojì, ẹni tí eji kò rí pàápàá ni eji ń pa. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, ọdún 1997, àwọn arìnrìn-àjò kan sọ̀kalẹ̀ sínú Antelope Canyon ní ilẹ̀ àwọn Navajo, nítòsí ìlú Page ní Arizona, sínú ihò tóóró kan tí ẹwà ògiri rẹ̀ ti mú kí gbogbo ayé máa wọ́ lọ wò ó. Òjò kò rọ̀ sí wọn lórí. Òjò ìjì ti rọ̀ ní ọ̀pọ̀ máìlì sí òkè, níbi tí ojú wọn kò tó, omi rẹ̀ sì tọ ojú ọ̀nà rẹ̀ wá bí ó ti máa ń ṣe, ó bá wọn nínú ihò, ó gbá àkàbà onígi tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ lọ, ènìyàn 11 ni ó sì pa. Ní ọdún 2015, ní oṣù Kẹsàn-án, ènìyàn méje mìíràn kú sínú Keyhole Canyon ní ọgbà Zion, ní ìpínlẹ̀ Utah kan náà. Wọ́n gba ìwé àṣẹ, ìkìlọ̀ sì wà nílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà pé omi lè dé. Mo ń ka ikú wọ̀nyí fún ọ nítorí pé ó dùn mí dé ọkàn bí mo bá gbọ́ tí ọmọ ènìyàn, tí orí rẹ̀ pé, tí ìwé rẹ̀ sì pọ̀, bá ń wí pé aṣálẹ̀ kò ní omi, bíi pé omi tí a kò rí kò lè rí wa.

Ìwọ gan-an kò yẹ kí a máa kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ọmọ Ìbàdàn ni ọ́. Bi àwọn òbí rẹ léèrè ọ̀rọ̀ omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980, kí wọ́n sọ fún ọ bí odò tí àwọn ènìyàn ń fò kọjá lójoojúmọ́, tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, tí wọ́n sì ń kọ́lé tì, ti dìde ní ọjọ́ kan, tí ó kó ilé, tí ó kó ọjà, tí ó kó ẹ̀mí lọ. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú àfonífojì, àgbàrá ni onílé, ẹ̀yin sì ni àlejò.

Bí o bá dé ibẹ̀, wò ó fúnra rẹ. Nígbà tí ẹ bá wọ ibi tí ògiri méjèèjì ti sún mọ́ ara wọn, gbé ojú sókè. O lè rí igi kan, tí ó tóbi tó itan àgbàlagbà, tí ó há sí àárín àpáta sí àpáta níbi gíga tí ọwọ́ rẹ kò lè kàn bí o tilẹ̀ gun èjìká ọ̀rẹ́ rẹ, tí koríko gbígbẹ àti ẹrẹ̀ ti lọ́ mọ́ ọn lára bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ so ó. Kò sí igi kan tí ó hù nítòsí. Ibi tí igi náà há sí yẹn ni ojú omi dé ní ọjọ́ tí ó kọjá, òun sì ni ìwọ̀n tí mo fẹ́ kí o máa fi wo gbogbo ibi tí o bá fẹ́ gbé orí lé. Bí ibẹ̀ bá sì fẹ̀, wo ìdí igbó ṣúúrú tí ó hù sí etí yanrìn, kí o rí bí pàǹtí ti wé mọ́ ọn, tí gbogbo rẹ̀ kọ ojú sí ìsàlẹ̀ odò. Òkè ibi tí pàǹtí náà mọ ni kí ẹ máa sùn, lórí pèpéle àpáta, níbi tí ẹ ti lè gòkè sí i bí ó bá di òru.

Àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n gbé agbègbè Canyonlands mọ ilẹ̀ wọn ju wa lọ. Orí pèpéle àpáta àti inú ihò tí ó ga ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n mọ àká tí wọ́n ń kó àgbàdo sí, àwọn kan sì ṣì wà níbẹ̀ títí di òní olónìí pẹ̀lú amọ̀ àti òkúta wọn. Eku àti olè wà lára ohun tí wọ́n ń sá fún, mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí yóò fi ẹ̀rí hàn mí pé wọ́n kó oúnjẹ ọdún kan sí orí yanrìn tí ìwọ fẹ́ kó ara rẹ sí.

Má sì ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ mi sá fún yanrìn náà pátápátá, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ẹ máa rìn ní ọ̀sán tí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ilẹ̀ dúdú kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí orí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, tí ó dà bíi pé kò wúlò. Ohun ẹlẹ́mìí ni, àwọn ẹ̀dá wíńtinwíntin ni wọ́n so yanrìn ibẹ̀ pọ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sì lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó tó jinná. Nítorí náà, orí àpáta, ojú ọ̀nà tí a ti là, àti ojú ọ̀nà omi nìkan ni kí ẹ máa tẹ̀. Rìn lójú ọ̀nà omi, má sùn síbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àrá níbikíbi, bí omi tí ó mọ́ bá ṣàdédé pọ́n, bí igi wẹ́wẹ́ bá ń léfòó wá, tàbí bí ẹ bá gbọ́ ariwo tí ń bú rámúramù láti òkè àfonífojì, ẹ má ṣe dúró di ẹrù, ẹ má sì gbìyànjú láti bá omi sá eré ìje lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gùn, kí ẹ sì dúró sókè títí omi yóò fi fà.

Ọ̀rọ̀ omi mímu kò gùn. Gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ń sọ, ó sì tọ̀nà. Àwọn ìsun díẹ̀ wà nínú Maze, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sẹ́ omi wọn tàbí kí ẹ sè é. Bí ẹ bá rí omi òjò nínú kòtò orí àpáta, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ tí ìpara oòrùn wà lára rẹ̀ wọ inú rẹ̀: edé kéékèèké ń gbé inú àwọn kòtò náà, ẹyin wọn a sì máa wà nínú erùpẹ̀ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó bá di ọjọ́ tí òjò rọ̀, wọn a pa, wọn a dàgbà, wọn a yé ẹyin tiwọn kí omi tó tún gbẹ. Mo lè jókòó ti kòtò kan bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní ti máàpù orí fóònù rẹ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí nínú Maze, bátìrì kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni kí ó tó kú. Ra máàpù oníwé. Kí ẹ sì dágbére, nítorí pé ibẹ̀ jìnnà. Láti ojú títì ńlá 24 dé ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ ní Hans Flat, máìlì 46 ni, ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí, àti láti ibẹ̀ dé etí àwọn àfonífojì, ọ̀pọ̀ wákàtí ni nínú ọkọ̀ gíga tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Aron Ralston dá nìkan wọ Bluejohn Canyon, tí kò jìnnà sí Maze, láìsọ ibi tí ó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Òkúta ńlá kan yí, ó há ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ògiri àpáta, ó sì fi ọjọ́ márùn-ún wà níbẹ̀ kí ó tó fi ọ̀bẹ kékeré gé apá ara rẹ̀ láti jáde. Ọmọ tí a bí ire tí ó ń lọ sí oko tí kò jìn rárá a máa wí fún ará ilé. Kọ ọjọ́ àlọ, ọjọ́ àbọ̀, àti orúkọ àfonífojì tí ẹ ó wọ̀ sílẹ̀, kí o fi lé ẹnìkan lọ́wọ́ ní Houston.

N kò sọ pé kí ẹ má lọ o. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, oyin tí ń bẹ nínú àpáta yìí sì dùn: ẹ ó rí àwọn òpó àpáta tí wọ́n dúró gangan ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀ Òkúta Adúróṣinṣin, ẹ ó sì rí àwòrán tí àwọn ará ìgbàanì fi ọ̀dà pupa yà sára ògiri, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ga, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú wọn ń wo ẹni tí ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ sún ìrìn àjò yín di oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò àrá ti lọ tí oòrùn sì ti rọlẹ̀. Okùn tí o béèrè, òótọ́ ni: ẹsẹ̀ bàtà 25 tó, nítorí pé ní ọ̀nà Maze Overlook, ibi kan wà tí ènìyàn á ti fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lára àpáta, tí ẹrù rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé e lórí okùn. Bàtà rẹ, jẹ́ kí ó jẹ́ èyí tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ tí ó lè di àpáta mú, kí ó fẹ̀ díẹ̀ níwájú, kí o sì máa wọ̀ ọ́ rìn káàkiri Houston títí yóò fi mọ ẹsẹ̀ rẹ. Ẹni tí yóò bá sùn mọ́jú nínú Maze gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Kọ̀wé béèrè fún ti oṣù Kẹwàá ní kíákíá, nítorí pé àwọn tí wọ́n mọ ìgbà ti ń béèrè tiwọn báyìí.