Ìwádìí nípa Akànṣẹ́ inú Ẹbí

Àwọn àgbà ní, "Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ." Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ilé rẹ̀ dájú kò gbọdọ̀ mọ orúkọ àwọn baba-ńlá rẹ̀ nìkan, ó yẹ kí ó mọ iṣẹ́ tí olúkúlùkù wọn ṣe pẹ̀lú. Ìdílé ọdẹ, ti alágbẹ̀dẹ àti ti onílù ní oríkì tí ń ròyìn iṣẹ́ wọn fún ìran tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Lóòótọ́, ìjàkadì àti gídígbò ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ayébáyé, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, èyí tí a ń fi ìbọ̀wọ́ aláwọ jà láàárín okùn, kò pẹ́ púpọ̀ tí ó dé. Kò sí oríkì ìdílé tí ó tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, bí baba àgbà kan bá ti jẹ́ akànṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ìtàn náà lè bá a wọ sàréè bí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá wádìí.

Orúkọ ni ohun kìn-ín-ní tí ń da olùwádìí láàmú, nítorí ọ̀pọ̀ akànṣẹ́ ní orúkọ méjì: èyí tí a sọ wọ́n nílé, àti èyí tí wọ́n fi ń jà. Okon Bassey Asuquo ni orúkọ ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hogan "Kid" Bassey. Ọdún 1932 ni a bí i. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1957, ní ìlú Paris, ó ṣẹ́gun Cherif Hamia, ọmọ ilẹ̀ Àlùjíríà, ó sì di ọmọ Nàìjíríà kìn-ín-ní tí ó gba ipò aṣáájú gbogbo ayé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, láàárín àwọn tí ara wọn kò wúwo ju kílò 57 lọ. Bákan náà ni Dick Tiger. Richard Ihetu ni wọ́n ń pè é ní Amaigbo, ní ilẹ̀ Ìgbò, níbi tí a gbé bí i. Ní ọdún 1962 ó borí Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, ní San Francisco. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún pàdé ní pápá Liberty ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, lẹ́yìn abala keje Fullmer kò lè jáde wá jà mọ́. Ẹni tí ó bá ń wá orúkọ "Ihetu" nìkan nínú ìwé ìròyìn ọdún náà lè ṣí ogún ojú ewé láìrí nǹkan kan. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé ni pé, "Kí ni wọ́n ń pè é nígbà tí ó bá ń jà?"

Lẹ́yìn èyí, kí olùwádìí béèrè ìlú tí ó ti jà, ẹni tí ó kọ́ ọ, bí ara rẹ̀ ti wúwo tó, àti àwọn tí ó bá jà. Kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè, kí ó sì ní sùúrù, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ka ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sí iṣẹ́ ìpátá, àwọn ọmọ mìíràn sì ń jà láìjẹ́ kí ilé gbọ́. Bí àwòrán àtijọ́ bá wà, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá a kọ ọjọ́ tàbí orúkọ ayàwòrán síbẹ̀. Ìtàn àrọ́bá ni baba ìtàn, ṣùgbọ́n a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó bá aṣáájú kan ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀kan lè di ẹni tí ó lu aṣáájú náà bolẹ̀ nígbà tí ìtàn bá ti gba ẹnu ọmọ dé ẹnu ọmọ-ọmọ. Nítorí náà, a ní láti fi ìwé wo ọ̀rọ̀ ẹnu.

Àwọn ìwé náà pọ̀. Ìwé ìròyìn Daily Times bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1926, West African Pilot sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1937. A lè rí irú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí ó wà ní Ìbàdàn. Bassey àti Tiger gbé ní Liverpool láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn akànṣẹ́ mìíràn láti Nàìjíríà sì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé orúkọ àwọn èrò tí ọkọ̀ ojú omi kó wọ ilẹ̀ náà títí di ọdún 1960 wà nípamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ ọjọ́ orí èrò àti iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé Boxing News ti ń jáde láti ọdún 1909, BoxRec sì ń kó àkọsílẹ̀ ìjà àwọn akànṣẹ́ jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹni méjì bá jẹ́ orúkọ kan náà, kí a fi ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara àti ọjọ́ ìjà yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnìkan kò lè jà ní Èkó àti ní Liverpool ní alẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ó tún yẹ kí a mọ bí a ṣe ń ka ohun tí a bá rí. Títí di ọdún 1948, a kò gba ènìyàn dúdú láyè láti jà fún ipò aṣáájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún náà ni Dick Turpin kọ́kọ́ gbà á. Bí a kò bá wá rí orúkọ akànṣẹ́ dúdú kan láàárín àwọn aṣáájú ṣáájú ìgbà náà, kò fi hàn pé ọ̀lẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó pàdánù ìjà púpọ̀ kì í ṣe ẹni ìtìjú. Òmíràn ń gba ìyà náà kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹun.

Ohun kan wà tí ìwé ìròyìn kì í sábà sọ. Ní ọdún 1928, Harrison Martland, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé láti fi hàn pé ẹ̀ṣẹ́ tí a ń gbà lórí lemọ́lemọ́ lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹsẹ̀ akànṣẹ́ a máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa lọ́ra bí ti ọ̀mùtí. Dókítà nìkan ni ó lè sọ ohun tí ó ṣe ẹnìkan. Síbẹ̀, ìdílé tí ó mọ iṣẹ́ tí baba wọn ṣe lè tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọn kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò sì ní wá ẹni tí ó sà sí i. Irú baba bẹ́ẹ̀ lè gbàgbé ìtàn ara rẹ̀ kí a tó béèrè. Ẹni tí baba rẹ̀ ṣì ń rántí, kí ó mú ìwé àti kálàmù tọ̀ ọ́ lọ lónìí. Kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sí apá kan, kí ó kọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ kà sí apá kejì, kí ó má ṣe da méjèèjì pọ̀.

ÌBÉÈRÈ
1. Èéṣe tí orúkọ fi ń da ẹni tí ń wádìí nípa akànṣẹ́ láàmú?
2. Báwo ni a ṣe lè ya akànṣẹ́ méjì tí ó jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀?
3. Ṣe àlàyé òwe yìí bí a ti lò ó: "A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni."
4. Béèrè iṣẹ́ tí baba-ńlá rẹ kan ṣe lọ́wọ́ àgbà méjì, kí o sì kọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti bára mu àti ibi tí kò ti bára mu.