Ẹ̀rọ Báńkì Kì Í Ṣe Alájọ

Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti jí? Pọn ọmọ yẹn, kí o jókòó. Má sọ fún mi pé, "Àǹtí mi, mo fẹ́ jáde." Sátidé ni òní, mo mọ̀ pé o ò níṣẹ́.

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ná ọ lówó níbi ìkómọ ní Enfield, a rí fídíò, inú wa dùn. Èmi náà jó nínú pálọ̀ mi níbí ní Ìkòròdú títí orúnkún mi fi wú. Àmọ́ ta ló ní kí o kó owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ níwájú orí, tí òógùn ti rin, tí bàtà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o gbé e tààrà lọ bá ẹ̀rọ báńkì? O ò tò ó, o ò ya 5 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ kúrò lára 20. O kàn ń ki í sí i lẹ́nu bí ìgbà tí a bá ń rọ ọmọ lágbo. Nígbà tó wá bì í, o bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ọdún 26 ni mo fi ka owó lẹ́yìn káńtà báńkì ní Ẹ̀pẹ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó àwọn ẹlẹ́ja Olúwo ni mo kà jù: náírà tútù, tó ń rùn, tí ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ lára. Àwọn ìyá yẹn ò kàwé, ṣùgbọ́n ojú wọn kì í kúrò lọ́wọ́ mi títí n ó fi tẹ òǹtẹ̀ sí tẹ́là wọn. Wọ́n mọ̀ pé bí kò bá sí òǹtẹ̀, owó ò tíì wọlé. Ìwọ tí o jáde fásitì, o fa káàdì yọ, o sì yí ẹ̀yìn padà kí ẹ̀rọ tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀!

Ẹ̀rọ tó ń gbowó ní ojú nínú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ owó wò. Èyí tó ya, èyí tó tutù, èyí tó ká létí tàbí tó lẹ̀ mọ́ èkejì, yóò dá a padà. Tó bá kà á tán, yóò kọ ọ́ sójú rẹ̀: 20 mélòó, 10 mélòó, 5 mélòó, yóò sì bi ọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bí o ò bá dá a lóhùn, owó ò tíì wọ àkáǹtì. Èyí tó sì nà sí ọ padà, bí o ò bá tètè gbà á, ó lè gbé e mì. Ìyẹn ló ṣe ọ́. Nílé ni kí o ti máa kà á, kí o kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó jáde. Risíìtì sì ni òǹtẹ̀ tìrẹ, máa gbà á.

Ti 60 pọ́n-ùn tó gbé mì, kọ̀wé sí báńkì rẹ: ọjọ́, aago, ibi tí ẹ̀rọ wà. Wọ́n máa ń ka owó inú ẹ̀rọ. Bí ó bá lé, wọn á rí i. Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá tí wọn ò yanjú rẹ̀, gbé ẹjọ́ lọ bá Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń dá sí ìjà báńkì àti oníbàárà. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Má jẹ́ kí ojú máa tì ọ́. Àdúgbò rẹ yẹn gan-an ni Barclays ti gbé ẹ̀rọ tí ayé mọ̀ sí ATM àkọ́kọ́ kalẹ̀, ní 27 June 1967, kí wọ́n tó bí àbúrò mi tó bí ọ. £10 ló ń san nígbà náà. Èyí tó ń gba owó ò tíì sí.

Ti 20 pọ́n-ùn mẹ́rin tí o ní ẹ̀rọ ò fẹ́ rárá, mo yẹ fọ́tò rẹ̀ wò. Bébà ni, àwòrán Adam Smith ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Owó yẹn ti kú láti 30 September 2022. Ẹni tó fi ná ọ mọ ohun tó ń ṣe! (Ẹ̀yin ẹ tiẹ̀ ń jayé. Níbí, òfin CBN, báńkì àpapọ̀ wa, ti 2007 ò gbà á kí a ná ara wa lójú agbo. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 6 fún Bobrisky nítorí rẹ̀ ní April 2024.) Ṣé ìwọ náà ló yẹ kí ikú owó yà lẹ́nu? Ìwọ tí a jọ tò sórí ìlà ní Sábó ní February 2023 láti ìdájí, nígbà tí wọ́n ní náírà àtijọ́ ti kú, tí a ń fi náírà ra náírà lọ́wọ́ oní-POS? Náírà àtijọ́ tiwa, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà á sílẹ̀ ní 3 March. Adam Smith ò rí ẹni gbà á. Ṣùgbọ́n Bank of England ṣì ń pààrọ̀ rẹ̀, àwọn Post Office kan sì ń gbà á, tí kò bá ti ju £300 lọ láàárín ọdún 2. Má jù ú nù.

Gbogbo ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ pè ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wà lọ́jà, álẹ́ẹ̀tì wọlé. Owó ńlá, orúkọ tí n ò gbọ́ rí. Mo bi ọ́, o ń rẹ́rìn-ín: bùrọ̀dá kan ló kó £2,000 fún ọ pé kí o bá òun fi sínú àkáǹtì rẹ lẹ́nu ẹ̀rọ, kí o fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Náírà tó wọlé sí mi, ọpẹ́ rẹ̀ ni. Àbẹ̀kẹ́! Kí ló dé tí ẹni tó ní ẹsẹ̀, tó ní káàdì, kò lè rìn dé ibi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀?

Alájọ tó ń gbowó lọ́wọ́ ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́ mọ olówó kọ̀ọ̀kan. O ṣáà gbọ́ nípa Alájọ Ṣómólú, tí orí rẹ̀ pé tí kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí wọ́n ní ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ ò ní irú orí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ara káàdì nìkan ló mọ̀. Ì báà jẹ́ owó jìbìtì, ì báà jẹ́ owó oògùn olóró, lọ́dọ̀ tirẹ̀, owó Àbẹ̀kẹ́ ni. Bí báńkì bá fura, wọn á ti àkáǹtì rẹ pa, wọ́n sì lè kọ orúkọ rẹ sọ́dọ̀ Cifas, àwọn tó ń tọ́jú orúkọ oníjìbìtì fún àwọn báńkì, fún ọdún 6. Báńkì wo ló máa yá ọ lówó ilé lẹ́yìn ìyẹn? Bó bá tún dé kóòtù, ẹni tó bá ọ̀daràn gbé irú owó bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 14 nílẹ̀ yẹn. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Houston jà bẹ́ẹ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, bí owó bébà bá ti ju $10,000 lọ, báńkì gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba. Ó ní òun á gé tòun sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n má baà sọ. Gígé yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀, bí owó náà tilẹ̀ mọ́ bí omi òjò.

O ní o ò tíì fi sí i? Ó ṣì wà nínú ọ̀rá? Ọlọ́run ṣeun. Dá a padà fún un lónìí, níwájú ẹlòmíràn, má sì bá a ṣàlàyé gígùn. Èmi náà ti lọ sí báńkì mi láàárọ̀ Jímọ̀, mo kọ̀wé pé kí wọ́n dá náírà yẹn padà síbi tó ti wá. N ò ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Fún ọmọ lọ́mú, ó ti ń ké.