Ìmọ̀ràn lórí Bọmubọmu

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń bá ẹ̀yin ọmọ Ìwéré-Ilé sọ̀rọ̀ nípa bọmubọmu, igi elódòdó àlùkò tí ẹ ń dá sí lẹ́bàá ọgbà nítorí ẹwà rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn Fúlàní ń fi í mú wàrà dì, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn, ṣùgbọ́n oró tó wà nínú oje funfun rẹ̀ bá ti foxglove tan, òdòdó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí oníṣègùn William Withering kọ ìwé lé lórí ní 1785, èyí tí ó ń ran ọkàn lọ́wọ́ bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe rẹ́gí, tí ó sì lè dá ọkàn dúró bí ó bá fi díẹ̀ kọjá. Bí oje náà bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án pẹ́, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Bí ọmọdé bá jẹ ẹ́, ẹ má dúró de èébì, ẹ má sì rọ epo sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú ewé náà dání. Lójú ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí koríko bá tán, ẹ má ṣe gé e pọ̀ mọ́ oúnjẹ ewúrẹ́ yín.