Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìtàn sílẹ̀ fún tẹ́ẹ̀sì

Nínú tẹ́ẹ̀sì ìtàn tó kọjá, máàkì 4 nínú 10 ni mo gbà, lórí Ìjọba Ọ̀yọ́! Èmi ọmọ Yorùbá! Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Haúsá gba 7. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kì í ṣe pé mi ò kàwé o. Mo kọ ọ̀rọ̀ 22 sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì há gbogbo ẹ̀ sórí. Àmọ́ ohun tí mo kọ síwájú Ọ̀yọ́ Mèsì ò ju "àwọn ìjòyè" lọ. Wọ́n wá bi wá pé kí ni kò jẹ́ kí Aláàfin máa ṣe bó ṣe wù ú. Mo kàn ń wo bébà ni.

Ní báyìí, mi ò kọ ẹni tí wọ́n jẹ́ nìkan mọ́. Mo ń kọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àti ẹni tó lè mú wọn. Ọ̀yọ́ Mèsì: ìjòyè 7, Baṣọ̀run ni olórí wọn. Àwọn ló ń yan Aláàfin. Tó bá ń ni ìlú lára, wọ́n lè kọ̀ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ kú. Ta ló wá ń mú Ọ̀yọ́ Mèsì? Ògbóni. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan ń pe èkejì? Mo tún kọ Baṣọ̀run Gáà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹni tó ń rán Aláàfin lọ sọ́run títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun ẹ̀ ní 1774. Ìyẹn ò lè kúrò lórí mi mọ́.

Ẹ máa fi àmì ohùn sí i pẹ̀lú. Ìwé wa kàn ń kọ Alafin, Ilari. Tẹ́ ẹ bá pè é dáadáa, ọ̀rọ̀ náà á túmọ̀ ara ẹ̀. Aláàfin ni ẹni tó ni ààfin. Àwọn Ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba, wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn ni, bí ẹni la orí sí méjì. (Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́ òun náà. Mo gba ẹran ọjọ́ Sunday ẹ̀ kí n tó gbà.)

Mo máa ń da Baṣọ̀run pọ̀ mọ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, torí náà mo kọ wọ́n sójú kan: Kakaǹfò ni olórí àwọn Ẹ̀ṣọ́, ogun ni tiẹ̀. Afọ̀njá Ìlọrin jẹ ẹ́ rí.

Lẹ́yìn náà mo gé bébà náà wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì. Kí wọ́n tó pa iná, mo máa ń fa márùn-ún jáde. Èyí tí mi ò bá mọ̀ á padà sínú agolo.

Tẹ́ẹ̀sì tó ń bọ̀ dá lórí Sókótó àti jíháàdì Usman dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804. Ọ̀rẹ́ mi ló máa túmọ̀ sarki àti waziri fún mi. Ó ti ní ẹran méjì lòun máa gbà.