Ewúrẹ́ Tí Mo Fìbínú Tà

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbàyè tí ẹ ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní pápá iléèwé, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń jiyàn lórí báwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà ṣe ń pààrọ̀ ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

1. Ẹ má fìbínú ta nǹkan. Ewúrẹ́ mi kan jẹ èlùbọ́ tí ìyá àwọn ọmọ mi sá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo fi fà á dé ọjà Òkukù. Ó ti lóyún, n ò mọ̀. Títí dòní, ẹ̀rín ni ẹni tó rà á fi ń kí mi.

Ní 1992, Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, bá ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston Rockets, jà. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa pé ẹsẹ̀ ń dun òun, wọ́n sì ní kó lọ rọ́kún nílé. Òun náà ní kí wọ́n ta òun síbòmíràn. Wọn ò fìbínú tà á. Nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré ní Japan lọ́dún náà, inú ọkọ̀ òfurufú ni òun àti Charlie Thomas tó ni ẹgbẹ́ ti sọ ọ́ yanjú. Ife-ẹ̀yẹ 1994 dé, ti 1995 tẹ̀ lé e.

2. Ẹ wo ohun tí ẹni kejì ń wá. Ní oṣù kejì 1995, Clyde Drexler ń wá ife-ẹ̀yẹ, Ọlájuwọ́n tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì sì wà ní Houston. Portland, ẹgbẹ́ Drexler, fi òun àti Tracy Murray sílẹ̀ fún Houston, wọ́n gba Otis Thorpe àti ẹ̀tọ́ láti mú agbábọ́ọ̀lù tuntun kan. Ẹgbẹ́ tí owó tó ń san fáwọn agbábọ́ọ̀lù bá ti kọjá ààlà, òfin ní kí owó àwọn tó ń lọ àti ti àwọn tó ń bọ̀ súnmọ́ra. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń kó àwọn agbábọ́ọ̀lù kéékèèké mọ́ ọ̀gá, bí alátà ṣe ń fi wẹ́wẹ́ dí àlàfo apẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ má lọ nájà pẹ̀lú ẹnìkan ṣoṣo. Ní 2001, Houston fi mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ Ọlájuwọ́n, kò gbà. Mílíọ̀nù 18 fún ọdún mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Toronto ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Houston ò jẹ́ kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́: wọ́n fà á lé Toronto lọ́wọ́, wọ́n gba ẹ̀tọ́ àtimú agbábọ́ọ̀lù tuntun.

4. Ẹ wo eyín ẹṣin kí ẹ tó sanwó. Ẹni ọdún 38 ni Toronto rà. Eré 61 péré ló gbá fún wọn kí ẹ̀yìn tó lé e kúrò lórí pápá. Houston náà fi ẹ̀tọ́ tí wọ́n gbà mú Bostjan Nachbar. Ó gbìyànjú, àmọ́ kì í ṣe Ọlájuwọ́n. Ní oṣù kọkànlá 2002, wọ́n gbé ẹ̀wù nọ́ńbà 34 Ọlájuwọ́n kọ́ sókè gbọ̀ngàn wọn ní Houston.