Ẹ̀rù ló ń ba Dúdú

ÌBÉÈRÈ

Agbowó nílùú Ìbàdàn ni mò ń gbé, òdìkejì títì sí géètì Yunifásítì. Mo ní akọ ológbò kan tí à ń pè ní Dúdú. Èkúté tó ń lu àpò ìrẹsì mi ni mo tìtorí rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà nígbà tó ṣì kéré. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, ó ti di ọmọ ilé. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọmọbìnrin mi ló ń sùn.

Kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí. Lóṣù tó kọjá ni mo ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko. Ọmọ mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, èmi la ẹnu àpò ìrẹsì, a bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi! Ó fi èékánná fa àpò ya, ó ha ọmọ mi lápá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó tọ̀ sí mi láṣọ, ó sì gba ojú fèrèsé fò jáde. Ọjọ́ méjì gbáko la ò fi rí i. Láti ìgbà náà, tó bá ti gbọ́ ìró àpò lásán, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń sá gùn.

Ìyá ọkọ mi ní ẹranko tó lágbára tó báyẹn kì í ṣe ojú lásán, kí n lé e jáde kó tó kó bá wa. Ọ̀sẹ̀ yìí ni imú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó ń sín, kò sì jẹun tó bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n lọ parasitamọ́ọ̀lù, kí n pò ó mọ́ ẹja fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Dúdú, Agbowó.

ÌDÁHÙN

Ìyá Dúdú, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ parasitamọ́ọ̀lù kúrò lọ́nà, torí kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ má fún un. Oògùn tó ń bá wa lé ẹ̀fọ́rí lọ, májèlé gidi ni fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò ní èròjà tí tiwa fi ń tú oògùn náà palẹ̀. Yóò dúró sí i lára, yóò sì ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé ẹ̀jẹ̀ náà ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri mọ́. Èrìgì rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi kọfí, ojú rẹ̀ á wú, á máa mí hẹlẹ. Ìdajì hóró kan tí wọ́n kọ 500 sí lára tó láti pa ológbò tó ti dàgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fún un kí ìdáhùn yìí tó dé ọwọ́ yín, ọ̀dọ̀ dókítà ni lójú ẹsẹ̀.

Apá ọmọ ńkọ́? Ẹ ò sọ bóyá ẹ gbé e dé ọsibítù. Ológbò tí kò gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí, tó ha ọmọ tàbí tó bù ú jẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká fi epo pa á, ká lọ sùn. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la fi ń fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ọsibítù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún dìgbòlugi àti fún àrùn ipá. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ lórí ti yín ni pé oṣù kan ti kọjá, Dúdú sì wà láàyè. Ẹranko tí kòkòrò dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣe ènìyàn léṣe kì í sábà lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ kó tó kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń ní ká so ajá tàbí ológbò bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ká máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, dípò ká pa á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì tó fi sá lọ, ẹ ò mọ ohun tó bá pàdé níta. Dúdú gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àpò.

Èmi náà ti fi àpò gbé ológbò rí. Nígbà tí mò ń gbé ní Challenge, mo ní abo kan tó ń jẹ́ Àdùkẹ́. Mo kì í bọ inú Ganamọsigó, mo fa síìpù rẹ̀ dé ibi tí mo rò pé ó tó, mo wọ Máíkírà tó ń lọ sí Sángo. Láti Ring Road títí a fi kọjá Dùgbẹ̀ ló ń ké, ohùn rẹ̀ ti há. Nígbà tí a dé Mọ́kọ́lá, tírélà kan fọn fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo rí orí rẹ̀ lójú síìpù, lẹ́yìn náà mo rí i lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Àwọn èrò ń pariwo, ọkọ̀ dúró, ẹnìkan ṣílẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi rìn káàkiri ojú òkè Mọ́kọ́lá, tí mò ń mi agolo edé, torí ìró agolo yẹn ló máa ń gbọ́ tí í fi í sáré wá sí kíṣìnì. Mi ò rí i mọ́. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi, òun ló sì mú mi fa ọ̀rọ̀ gùn báyìí fún yín.

Ẹ wo ohun tí à ń ṣe fún ológbò tí a bá kì í sínú àpò. Ológbò ń pẹran jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kéré tó ẹran tí ajá lè pa jẹ. Nítorí náà, ibi tó lè sá gbà ló máa ń kọ́kọ́ wò níbikíbi tó bá wà. Ẹ ti rí Dúdú tó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ẹsẹ̀ àga àti etí ilẹ̀kùn? Òórùn ara rẹ̀ ló ń fi síbẹ̀, òun ló fi ń mọ̀ pé ilé rèé. Àpò kò ní òórùn ilé, ó ṣókùnkùn, ilẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ wòjò wòjò lábẹ́ ẹsẹ̀, ojú ọ̀nà tó mọ̀ sì ti dí. Ẹni tó fẹ́ràn jù lọ ló tún di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìtọ̀ tó tọ̀ sí yín láṣọ, ìpayà ni. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ yín: kò sí nǹkan mìíràn lára ẹranko náà ju ẹ̀rù lọ. Bí ẹ bá sì lé e, èkúté á padà sídìí àpò ìrẹsì, ẹ ó wá máa ra òtápiapíá sínú ilé tí ọmọ wà.

Ní Bódìjà, nínú ọjà, wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ oníke oníhò, irú èyí tí à ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Ẹ ra méjì tó bára dọ́gba, kí ó le dáadáa. Ẹ da ọ̀kan dé èkejì, kí ẹ fi okùn oníke táwọn oníná fi ń di wáyà so ẹ̀gbẹ́ kan pọ̀ bí ìdè ilẹ̀kùn, kí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣeé dì, kó sì ṣeé tú. Bí owó bá wà, kéèjì ológbò gan-an dára jù, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé òkè rẹ̀ ń ṣí. Òkè yẹn ṣe pàtàkì, torí dókítà lè ṣí i, kó sì máa yẹ Dúdú wò bó ṣe jókòó sínú ìdajì ìsàlẹ̀, láìfà á lẹ́sẹ̀ jáde.

Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ń lọ ni apẹ̀rẹ̀ ń jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni. Kó wà ní yàrá ọmọ yín, ní ṣíṣí, kí aṣọ tí ọmọ náà ti wọ̀ sùn wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹja sí ẹnu rẹ̀ lónìí, lọ́jọ́ kejì ẹ sún un wọlé díẹ̀. Tó bá ti ń jẹun nínú rẹ̀ láìwẹ̀yìn, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ṣí i kó tó ké. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e yíká yàrá, ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ yín ni kó ṣe é, torí òun ni Dúdú gbọ́dọ̀ tún gbẹ́kẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n imú tó ń ṣàn yìí kò ní dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ológbò tí imú rẹ̀ dí kì í gbọ́ òórùn oúnjẹ, ológbò tí kò bá sì gbọ́ òórùn kì í jẹun, bí kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya lọ kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu imú rẹ̀, kí ẹ mú ẹja rẹ̀ gbóná díẹ̀ kó lè ta sánsán. Kí ẹ sì pe dókítà ẹranko lónìí, kí ẹ bi í bóyá ó lè wá sílé. Ọ̀pọ̀ wọn ní Ìbàdàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì tọ́ fún irú ológbò yìí. (Akọ ni Dúdú, nítorí náà ẹ fi èyí sọ́kàn: ọjọ́ tí ẹ bá rí i tó ń bẹ̀rẹ̀ láti tọ̀ léraléra tí nǹkan kan ò jáde, ẹ má dúró di ọ̀la.)

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ, ẹ mú un wọ balùwẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ má ṣe sáré. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ náà nàró kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ fi táwẹ́lì tó nípọn bo Dúdú látẹ̀yìn, ẹ wé e pọ̀ títí kan ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ ṣáájú sọ̀ ọ́ sínú. Tí kò bá rí òkùnkùn tó ń lọ, kò ní na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin há ẹnu apẹ̀rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fín, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Láti Agbowó, ilé ìwòsàn ẹranko inú Yunifásítì ò jìnnà sí yín. Ti ìjọba wà ní Mọ́kọ́lá. Ẹ lọ ní kùtùkùtù kí ajá tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má gun ọ̀kadà. Ẹ sanwó gbogbo ìjókòó Máíkírà kan, kí ẹ fi aṣọ bo apẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, orí àga ni kí ẹ gbé e lé, ẹ má gbé e kalẹ̀ níwájú ajá. Kí ẹ sì sọ ọ́ kí dókítà tó fọwọ́ kàn án pé, “Ó ń ha ènìyàn o.” Ẹ má tijú. Oògùn tó ń fọkàn ológbò balẹ̀ wà, èyí tí dókítà lè wọ̀n fún yín láti fún un nílé ní wákàtí méjì ṣáájú, bí ẹ bá máa padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Oògùn oorun tiwa kọ́ o. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá fẹ́ fi awọ ọrùn gbé e rọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó lo táwẹ́lì.

Ṣé ẹ máa rí i pé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí ara rẹ̀ bá ti yá? Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọdún kan. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àrùn náà, torí ọjọ́ náà ni Louis Pasteur, tó kọ́kọ́ ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀, kú lọ́dún 1895. Láwọn ibì kan ní Nàìjíríà, àwọn dókítà ẹranko máa ń gún ajá àti ológbò lọ́fẹ̀ẹ́ láyìíká àkókò yẹn, ẹ máa béèrè.

Tí ẹ bá padà délé, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ wọ yàrá ọmọ yín, kí òun fúnra rẹ̀ ṣí i, kó fi omi àti ẹja sítòsí, kó sì kúrò lọ́nà. Kó má pè é, kó má nawọ́ sí i. Dúdú á jáde nígbà tó bá wù ú.